Ìbéèrèkíbèérè

Ọ̀gá àgbà kò tíì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán tí Arídìí ti ń mi orí. Wọ́n jókòó yí tábìlì gígùn ká nínú yàrá ìpàdé, ọ̀gá sì ń ṣàlàyé pé ìtàn gígùn ti sú àwọn olùgbọ́. Àwọn tuntun ń wọlé, wọ́n ń gbọ́ nǹkan kékeré, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ògbólógbòó, àwọn tó máa ń gbọ́ ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, wọn kò yọjú mọ́. Ọ̀gá wá ní òun rò pé kí àwọn pa ìtàn gígùn tì, kí àwọn akàwé máa ka ìròyìn kéékèèké dípò rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà kò tóbi. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn tí ojú wọn kò ríran, wọ́n á sì gbé ohùn náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá ní fóònù lè gbọ́ ọ. Arídìí ló kọ́ ojú-ewé tí àwọn olùgbọ́ ń gbà wọlé. Orúkọ àbísọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí nǹkan bá bàjẹ́ tó sì tún ara rẹ̀ ṣe, inú àwọn yòókù á dùn, òun ò ní sinmi àfi tó bá rí ìdí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá dá, ìyàwó òun á fẹ́ mọ ẹni tó ní kó dá.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò lọ,” ni Arídìí wí. “Ẹni tí nǹkan bá sú, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń yọ́ kúrò. Àwọn wọ̀nyí, ńṣe ni wọ́n pòórá bí ẹni tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́.”

Ọ̀gá àgbà wò ó títí. Obìnrin tí kò fẹ́ràn àsọdùn ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Arídìí kì í sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ó ní kó lọ wá ẹni tó tìlẹ̀kùn náà kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lópin ọ̀sẹ̀. Bí kò bá rí i, ìtàn gígùn ti parí nìyẹn.

Ẹni tí Arídìí kọ́kọ́ lọ bá ni ọkùnrin tó ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ìwé àti ohùn wà nínú rẹ̀, tó sì ń dá ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ojú-ewé lóhùn. Kò-séwu ni wọ́n ń pè é, torí pé bí ilé bá ń jó, ohun tó máa kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn. Yàrá rẹ̀ tutù bí omi inú àmù, ariwo fáànù ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara rẹ̀. Ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo iná ibẹ̀ ló tàn ní àwọ̀ ewé. Ó ní sáfà ń mí dáadáa, ààyè ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì tíì ṣubú láti ìgbà tí òun ti pààrọ̀ ògbólógbòó sí tuntun. Kò séwu.

Arídìí padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ojú-ewé náà lórí kọ̀ǹpútà, ó ṣí. Ó gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀, lórí ti akọ̀wé, lórí gbogbo búráúsà tí èèyàn lè fi wo íńtánẹ́ẹ̀tì nílé-iṣẹ́ náà, kò sí èyí tó kọ̀. Ì bá ti sú ẹlòmíràn. Inú tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn bí ọdẹ tó rí ojú ẹsẹ̀ ẹran, torí ó mọ̀ pé bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí fún ẹni tó wà nínú ilé, ìyẹn ò ní kó máa ṣí fún ẹni tó dúró níta.

Ó pe àwọn olùgbọ́ àtijọ́ kan lórí fóònù. Ọ̀kan ní fóònù òun ló ti gbó. Òmíràn ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àwọn ọmọ-ọmọ òun ló tẹ nǹkan bàjẹ́. Baba kan kí i tìyàyà-tìyàyà, ó béèrè àlàáfíà ọkọ àti ọmọ, ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni o, ó sì pa fóònù. Ọ̀rọ̀ baba yìí ló dúró sọ́kàn Arídìí. Ta ló bi í bóyá ó ń bínú?

Nígbà tó rí i pé àwọn tí òun ò mọ̀ rí ò ní sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún òun, ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ. Màmá Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aṣọ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ rán kí ojú tó ṣíwọ́ iṣẹ́, láti ìgbà náà, ìtàn ló fi ń ṣe ẹlẹgbẹ́. Nínú gbogbo olùgbọ́ ilé-iṣẹ́ náà, bóyá la fi máa rí ẹni tó gbọ́ ìwé tó tirẹ̀. Arídìí bá a lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ká aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, etí aṣọ ń bá etí aṣọ mu rẹ́gí bí ẹni tó ń fojú wò ó. Fóònù rẹ̀ wà lórí ìjókòó kejì, ó dojú bolẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ kí i. Màmá dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà gbẹ. Arídìí béèrè ìtàn tó ń gbọ́ lọ́wọ́, Màmá ní òun ò gbọ́ ìtàn mọ́. Arídìí ní kí ló dé.

“Ìwọ ọmọ àbúrò mi,” ni Màmá wí, “bí ẹ ò bá fẹ́ kí n máa wá mọ́, ṣé kò yẹ kóo yọ́ ọ sọ fún mi ni? Ó wá di kí fóònù máa bú mi?”

“Kí ló wí, Màmá?”

“Ó ní ìbéèrèkíbèérè ni mo béèrè. Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa, mo tún tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó tún un sọ. Láti kékeré mi, mi ò béèrè ohun tí kò tọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Mo bá káwọ́ kúrò níbẹ̀.”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Arídìí, ó gbé e mì. Ó wá mọ ìdí tí baba ọjọ́sí fi ń sọ pé òun ò bínú. Ó jókòó ti Màmá, ó ṣàlàyé pé kì í ṣe èèyàn ló sọ̀rọ̀ náà. Bí sáfà ò bá lè gba ohun tí búráúsà gbé wá, ọ̀rọ̀ gbígbẹ kan wà tó máa ń jù padà sí i, tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ti kọ sílẹ̀ tipẹ́ láìrò pé ẹnìkan máa gbọ́ ọ létí. Ẹni tó ríran á wò ó, á pòṣé. Ẹni tí fóònù ń kà á sí létí á rò pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Màmá na fóònù sí i.

Arídìí tẹ ojú-ewé náà. Lóòótọ́, ojú fóònù funfun báláú, ohùn obìnrin inú rẹ̀ sì ka èébú náà síta láìtijú. Inú Arídìí dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ṣí búráúsà mìíràn lórí fóònù kan náà, èyí tí Màmá kò lò rí, ojú-ewé náà sì ṣí wàrà. Fóònù kan náà ni, íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà, sáfà kan náà. A jẹ́ pé fóònù ò gbó, sáfà ò sì sùn. Ohun tí búráúsà àkọ́kọ́ gbé dání ni ká yẹ̀ wò.

Ó so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà àgbéká rẹ̀, ó wo ohun tó ń lọ láti ọ̀dọ̀ búráúsà sọ́dọ̀ sáfà, ó sì rí i. Nígbàkígbà tí olùgbọ́ bá dúró nínú ìwé kan, ojú-ewé náà máa ń fi àmì kékeré sínú búráúsà rẹ̀, kó lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé nígbà tó bá padà. Kúkì ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe irú àmì bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣeé jẹ. Arídìí fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò rò ni pé ẹnìkan lè gbọ́ ìwé tó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Gbogbo àmì yẹn ni búráúsà sì ń rù dání ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ bá sáfà. Ẹni tó gbọ́ ìwé kan tàbí méjì, ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Ti Màmá ti kún orí, ó ti kún èjìká, nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, kò gbà á wọlé. Bí èèyàn bá ṣe fẹ́ràn ìwé tó ni ilẹ̀kùn ṣe ń tì mọ́ ọn tó.

“Mo ti rí ìdí rẹ̀, Màmá. Ìwé tí ẹ ti gbọ́ ló pọ̀ jù.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ wá ni?”

“Rárá o. Àwa la jẹ̀bi. Bí mo bá pa gbogbo àmì inú rẹ̀ rẹ́ báyìí, á ṣí.”

Màmá tètè gbọ́wọ́ lé fóònù. “Dúró ná. Tóo bá pa á rẹ́, báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí mo gbọ́ dé? Ọmọbìnrin kan wà lójú agbami tí mi ò tíì mọ̀ bóyá ó gúnlẹ̀.”

Arídìí rí i pé ọ̀rọ̀ àgbà náà tọ̀nà. Bí òun bá sì ní kí gbogbo olùgbọ́ pa àmì wọn rẹ́, ẹni tó bá dúró ṣinṣin jù ló máa pàdánù jù. Ó ṣèlérí pé àmì kan ò ní sọnù. Màmá ní kó máa lọ, kó sì bá òun sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé àlejò kì í da ẹrù rẹ̀ nù kí onílé tó gbà á.

Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, Kò-séwu ní kò séwu. Arídìí ò bá a jiyàn. Ó jókòó tì í, ó fi irú ẹrù tí búráúsà Màmá ń gbé ránṣẹ́ sí sáfà lójú rẹ̀, sáfà kọ̀ ọ́. Ó dín ẹrù náà kù, ó tún un rán, sáfà gbà á. Kò-séwu bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Nígbà tó tú inú sáfà tuntun wò, ó rí i pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún ju ti àtijọ́ lọ, òun ò sì fiyè sí i nígbà tó ń pààrọ̀ rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ kò purọ́, ó kàn jẹ́ pé àwọn tó wọlé nìkan ló ń kà. Ní ti àwọn tó dá padà lẹ́nu ọ̀nà, sáfà gbà pé òun ṣe iṣẹ́ òun bó ṣe yẹ.

Síbẹ̀ kò fẹ́ fẹ ẹnu ọ̀nà náà. Ó ní àwọn olè wà tó jẹ́ pé ẹrù ńlá ni wọ́n fi ń lu sáfà bolẹ̀, òun ò sì ní torí ìtàn gígùn ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ̀rù tó tọ́ ni, Arídìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Mi ò ní kóo wó ògiri,” ló wí. “Fẹ̀ ẹ́ dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ péré. Bí àwọn olùgbọ́ bá ti wọlé, màá sọ ẹrù wọn kalẹ̀ sínú sáfà, sí abẹ́ orúkọ kálukú. Wọn ò ní gbé ju àmì kan ṣoṣo lọ mọ́. Lẹ́yìn náà, kóo fún ẹnu ọ̀nà náà pa bóo bá ṣe fẹ́.”

Kò-séwu rò ó. Ó béèrè ẹni tí wọ́n máa sọ fún ọ̀gá pé ó fa wàhálà náà.

“Àwa méjèèjì. Èmi di ẹrù, ìwọ fún ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, òun náà ni kò gbé e sọ̀.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà pọ̀, òun nídìí sáfà, Arídìí nídìí ojú-ewé. Nígbà kan, àmì àwọn ìwé tí orúkọ wọn gùn ń sọnù lọ́nà, Arídìí sì rántí ìlérí rẹ̀, ó dá iṣẹ́ dúró, ó tú u palẹ̀, ó tún un kọ. Ó fi ẹrù ńlá dán an wò, ó fi kékeré dán an wò, kó tó pe Màmá. Ó ní kó fi fóònù àkọ́bí rẹ̀ pe òun padà, kó sì tẹ ojú-ewé náà lórí tirẹ̀.

Arídìí tẹ́tí sí fóònù. Kò-séwu pàápàá na ọrùn síwájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn akàwé láti òdìkejì, láàárín gbólóhùn, níbi tí ìjì ti ń gbé ọkọ̀ ojú omi sókè sódò.

“Màmá, ṣé ibẹ̀ lẹ bá a dé?” ni Arídìí béèrè.

Kò rí èsì. Màmá ti pa fóònù kejì kó lè gbọ́ ìtàn.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, Arídìí àti Kò-séwu jọ dúró níwájú wọn. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ ipa tí kálukú kó níbẹ̀, wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè bóyá ó dá wọn lójú pé àwọn èèyàn náà máa padà. Arídìí ní wọ́n ti ń padà ná. Ó ní òun àti akọ̀wé ti ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ń bẹ̀ wọ́n, baba tó ní òun ò bínú sì ti jẹ́wọ́ pé òun bínú gan-an ni. Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ọjọ́sí ti kúrò lórí sáfà pẹ̀lú. Bí nǹkan bá kọ̀ báyìí, ohun tí olùgbọ́ máa gbọ́ ni pé ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ wa ni ìṣòro wà, ẹ pè wá.

Ọ̀gá àgbà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ìtàn gígùn ò lọ síbì kankan, ó sì ní kí wọ́n wá ìwé tó nípọn jù nínú àwọn tó wà nílẹ̀, kí akàwé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kíákíá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Arídìí ń kọjá níwájú yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ó rí akàwé láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó ti so etí mọ́ ẹ̀rọ, ó mu omi díẹ̀, ó tún ohùn ṣe, ó sì ṣí ewé àkọ́kọ́. Arídìí dúró gbọ́ orí kìíní díẹ̀. Ó dùn. Ó wá gba ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lọ.