Kọ́nẹ̀lì Dúró Síbẹ̀

"Adájọ́, ó jáde! Àbí ẹ ò gbọ́ ni?"

Gbogbo ẹgbẹ́ alátakò na ọwọ́ sí adájọ́, Crispin Yelland. Ta ni ò gbọ́? Àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì lábẹ́ igi lọ́hùn-ún gan-an gbọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù kan igi kíríkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ Kọ́nẹ̀lì Aubrey Stroud, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì hán an kó tó kanlẹ̀; nínú eré yìí, ẹni tó gbá a ti jáde nìyẹn. Ní abúlé Lyddon, ọmọlúàbí tó bá mọ̀ pé ó kan igi òun kì í dúró de adájọ́. Á fi igi há abíyá, á máa lọ. Kọ́nẹ̀lì dúró, ó ń wo òfuurufú bí ẹni ń retí òjò.

Ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti Crispin. Ẹni tí kò tíì kàn láti gbá ló ń ṣe adájọ́. Ẹgbẹ́ ogun kan náà ni wọ́n tún jọ wà ní Afuganísítààní. Kọ́nẹ̀lì ló pàṣẹ pé kí ọkọ̀ gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Bọ́ǹbù pa Danny Maddern, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun wọn. Níwájú ìgbìmọ̀, Kọ́nẹ̀lì ní Kápítènì Yelland ló dá a ṣe, wọ́n sì bọ́ aṣọ ológun lára Crispin. Ìyá Danny, tó ń se tíì fún ẹgbẹ́ náà, kò kí Crispin títí dòní.

"Ọ̀gá, ṣé ó kàn yín?"

"Rárá. Bàtà mi lo gbọ́."

Imran, akólẹ́tà tó ju bọ́ọ̀lù náà, rẹ́rìn-ín. "Bàtà tó ń ké bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ìka tí adájọ́ ń gbé sókè láti fi ní ẹnì kan jáde ń yún Crispin. Ṣùgbọ́n tó bá gbé e sókè, Kọ́nẹ̀lì á jáde, á lọ mu tíì, ọ̀rọ̀ á tán. Kí ni wọ́n ń fi irú ẹ̀san bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ó ki ọwọ́ bọ àpò. "Kò jáde," ó wí, ó jẹ́ kó dé etí ìyá Danny. "Kọ́nẹ̀lì ní kò kan òun. Ṣé Kọ́nẹ̀lì á parọ́ ni?"

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́, títí kan ẹgbẹ́ tiwọn. Ìyá Danny gbé ìkòkò tíì sílẹ̀. Ó rìn wá sí etí pápá, ó tẹjú mọ́ Kọ́nẹ̀lì, lẹ́yìn náà ó wo Crispin, ó tún padà wo Kọ́nẹ̀lì. Kò ṣẹ́jú.

Òógùn bo Kọ́nẹ̀lì. Tó bá lọ fúnra ẹ̀ báyìí, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn pé òun lè parọ́, bóyá níwájú ìgbìmọ̀ náà pẹ̀lú.

"Crispin," ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "gbé ìka yẹn sókè, jọ̀ọ́."

Crispin kò yọ ọwọ́ lápò.

"Dúró síbẹ̀, Aubrey. Obìnrin yẹn ṣì ń wò ẹ́."