Agolo Fìlà Ṣọ́jà

Láyé ìgbà tí gbọ̀ngàn sinimá Oyèkànmí ṣì wà ní Òkìtìpupa, ọdún kì í parí láìjẹ́ pé àwọn ènìyàn ṣèdájọ́ gbogbo ohun tí wọ́n wò nínú rẹ̀. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, Oyèkànmí á to agolo mílíìkì sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́nu ọ̀nà, agolo kọ̀ọ̀kan fún fíìmù kọ̀ọ̀kan. Àmì ni wọ́n máa ń yà sára wọn, torí àwọn tí kò mọ̀wé: ẹṣin fún fíìmù àwọn Amẹ́ríkà tó ń yìnbọn, ejò fún ti àwọn ará Íńdíà, ọ̀bẹ fún ti àwọn olè. Bí fíìmù bá dùn mọ́ ọ, wàá ju ẹ̀kùrọ́ kan sínú agolo rẹ̀. Bó bá bí ọ nínú, wàá ju òkúta. Èyí tí ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ pọ̀ jù ni wọn yóò tún fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Èyí tí òkúta rẹ̀ pọ̀ jù kò gbọdọ̀ wọ ìlú mọ́. Ẹni tó bá rántí bí àwọn olóṣèlú ṣe ń dìbò nígbà náà á gbà pé ti agolo yìí mọ́ ju tiwọn lọ.

Lọ́dún 1968, kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí èyí tó burú jù. Kánsílọ̀ kan ló gbé tẹlifíṣọ̀n wá sí gbọ̀ngàn ìlú, ó ní ohun tí àwọn ará Ìbàdàn ń rí, àwọn ará Òkìtìpupa náà á máa rí i. Àwọn ènìyàn fẹsẹ̀ rìn láti Àjàgbà wá wò ó. Ohun tí wọ́n rí ni eérú tó ń jó, àti ohùn ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bo nǹkan mọ́ lẹ́nu. Wọ́n bẹ Oyèkànmí kó bá wọn gbé agolo kan kalẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe tirẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, òkúta ti kún un dẹ́nu.

Èyí tó dára jù ni kò jẹ́ kí Vincent jẹun kánú.

Káfíńtà ni Vincent lọ́sàn-án. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, òun ni ẹnu sinimá. Ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀, pẹ̀lú fèrè páànù gbọọrọ tí Oyèkànmí rọ fún un kí ohùn rẹ̀ lè dé ẹ̀yìn, á máa túmọ̀ òyìnbó sí èdè Ìkálẹ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí aṣọ náà. Ó ní kí lòun fẹ́ wò nínú fíìmù tóun ti mọ̀ látorí dé ìdí, ojú àwọn ènìyàn lòun ń wò, torí ibẹ̀ lòun ti ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun wọlé. Ohun tí wọ́n sì fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé ó máa ń fi orúkọ ará ìlú pe àwọn inú fíìmù. Adésànyà tí kì í fún ọmọ aládùúgbò níyọ̀ jẹ, òun ni olè tí wọ́n fi ìbọn já lulẹ̀ lórí ẹṣin. Adésànyà alára á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bínú. Ìnagijẹ inú sinimá, inú sinimá náà ló ń pin sí.

Inú sinimá ni ì bá sì ti pin sí, bí kì í bá ṣe alẹ́ ọjọ́ kan lóṣù Kẹjọ ọdún náà.

Mọ́tò ìjọba ló gbé fíìmù kúkúrú kan wá nípa ogun tó ń lọ lọ́wọ́. Vincent kò tíì rí i rí, ìwé tí wọ́n fún un ló ń kà. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá kọjá, gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Kò sí ilé tí kò ní ẹnì kan níbẹ̀. Vincent kò fẹ́ràn kí ènìyàn dákẹ́ mọ́ òun lórí. Láìwẹ̀yìn, ó gbé fèrè sẹ́nu, ó ní, “Ẹ wo Tìjání wa, ọma Hàwáù. Ẹ̀wà ìjọba ti mú un sanra. Ó ní kí wọ́n bá òun kí iye òun.”

Iye ni àwọn Ìkálẹ̀ ń pe ìyá. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ọkàn wọn fúyẹ́. Tìjání ni ọ̀rẹ́ Vincent látìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, kó tó lọ wọṣẹ́ ológun lọ́dún tó ṣáájú. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí Vincent lẹ́nu, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Hàwáù wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú atẹ ẹ̀pà rẹ̀. Awọ funfun ti bo ẹyinjú ìyá náà láti bí ọdún mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń rí. Ó gbọ́. Ó gbé atẹ ẹ̀pà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Vincent rí i láti iwájú níbi tó dúró sí. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò burú, ìdùnnú kì í pa arúgbó. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ọ̀rọ̀ àgbà nígbà tí fèrè bá wà lẹ́nu rẹ̀?

Lóṣù Kẹsàn-án, lẹ́tà àwọn ológun dé. Mildred, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ló bá wọn kà á nínú ilé Mọ́nsúrù, bàbá Tìjání. Lẹ́tà náà ní Tìjání ti kú lóṣù Karùn-ún. Mọ́nsúrù fi aṣọ bo orí bí ọmọdé, ó sunkún. Mọ̀dínátù, ìyàwó Tìjání, ṣubú lulẹ̀. Hàwáù nìkan ni kò sunkún. Ó ní kí Mildred tún oṣù náà kà. Mildred tún un kà.

Ó ní, “Oṣù Karùn-ún lẹ́tà wí. Oṣù Kẹjọ ni Vincent fojú ara rẹ̀ rí i. Òkú wo ló ń sanra?”

 Ní Òkìtìpupa ìgbà náà, púpọ̀ nínú àwọn tó ń wo sinimá ló gbà pé ohun tó bá hàn lára aṣọ, ní wákàtí yẹn gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn àfáà pàápàá lọ́ra. Wọ́n ní àwọn kò lè kírun sí alààyè lára, kí wọ́n mú sùúrù díẹ̀. Sùúrù ọ̀hún di oṣù mẹ́ta. Wọn kò ṣe fídáù. Mọ̀dínátù kò lè ṣe opó, kò sì lè ṣe bí abilékọ. Bó bá sunkún, ìyá ọkọ rẹ̀ á bi í léèrè bóyá ó fẹ́ pa ọmọ òun ni. Ní alaalẹ́, Hàwáù ń bu oúnjẹ Tìjání sọ́tọ̀, púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, á fi ẹja lé e, á dé e pa. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń fún àwọn adìyẹ.

Nígbà tí wọ́n to agolo síta lóṣù Kejìlá, ìyá náà bi Oyèkànmí bóyá agolo wà fún fíìmù àwọn ṣọ́jà. Oyèkànmí kò lè sọ pé kò sí. Ó ní kí Vincent ya fìlà ṣọ́jà sára ọ̀kan, Vincent sì yà á. Látọjọ́ náà ni Hàwáù ti gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀kùrọ́ rù, tí Mọ̀dínátù ń fà á lọ́wọ́ kiri. Ó dé Òṣooro, ó dé Akótógbò. Ẹ̀kùrọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fi sí àwọn ènìyàn lọ́wọ́, á ní bí wọ́n bá ń lọ sí Òkìtìpupa, kí wọ́n bá òun jù ú sínú agolo fìlà. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ òun tún kí òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ta ló lè gba ẹ̀kùrọ́ bẹ́ẹ̀ kó sọ ọ́ nù? Agolo náà kún àkúnwọ́sílẹ̀. Oyèkànmí ránṣẹ́ sí àwọn onímọ́tò ìjọba, wọ́n sì gbà láti gbé fíìmù náà padà wá.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n fi hàn ni Mọ́nsúrù wá bá Vincent ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí pákó. Vincent ń fá pákó lọ, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

“Vincent,” ni bàbá náà wí níkẹyìn, “ṣé o rí ọma mi?”

Vincent gbé ìfápákó kalẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yìn ni mo kọ sí aṣọ náà.”

Mọ́nsúrù mi orí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dun Vincent jù. Ó ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ, ṣùgbọ́n lójú ìyàwó òun, Tìjání kò kú, kò sì nù, ó ń bẹ láàárín méjèèjì. Ó bẹ Vincent kó lọ sọ òtítọ́ fún un. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, kò ní gbọ́. Ẹnu tó jí ọmọ náà dìde ló lè sin ín. Vincent ṣèlérí.

Ó sì lọ lóòótọ́, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Hàwáù dá ohùn rẹ̀ mọ̀ láti ìta, ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó wọlé. Ó ní kó jókòó. Ó fọwọ́ wá abọ́ tó dé pa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé e síwájú rẹ̀. Púpurú Tìjání ni.

“Jẹ ẹ́,” ni ìyá wí. “Ojú tó rí ọma mi ló tọ́ sí.”

Vincent jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́, ó dúpẹ́, ó sì padà sílé láìsọ ohunkóhun. Nígbà tí Rose ìyàwó rẹ̀ bi í bí wọ́n ti ṣe é, ó ní òun jẹun.  Ojú ń ti Vincent débi pé kò lè sùn kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún, bí àwọn àfáà ti kírun ìṣáà tán ni gbọ̀ngàn ti kún. Wọ́n fi Hàwáù jókòó sórí àga iwájú pátápátá, Mọ́nsúrù lápá ọ̀tún, Mọ̀dínátù lápá òsì. Ó wọ bùbá tuntun, ó lé tìróò sí ojú tí kò ríran. Oyèkànmí pa iná. Afárá hàn, àwọn ṣọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, gbogbo ènìyàn sì ń retí kí Vincent sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ ju ẹ̀kùrọ́.

Vincent gbé fèrè sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́fà tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ó yíjú sí aṣọ. Ó wo àwọn ṣọ́jà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní irùngbọ̀n, ọ̀kan ga gbọọrọ, ọ̀kan ń tiro. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé láti oṣù Kẹsàn-án, òun náà ti ń retí. Ó ti ń ronú pé bóyá, láìmọ̀, òótọ́ lòun sọ. Ó ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín wọn títí ẹni ìkẹyìn fi gba orí afárá kọjá, tí aṣọ náà sì ṣófo.

Ó gbé fèrè sílẹ̀. Kò nílò rẹ̀, ìyá náà kò jìnnà sí i.

“Iye,” ó ní, “Tìjání kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo kàn pe orúkọ rẹ̀. Mi ò wẹ̀yìn lọ́jọ́ náà.”

Oyèkànmí tanná.  Hàwáù gbé ojú sókè síbi tí ohùn náà ti wá.

“Kíkí tó kí mi ńkọ́?”

“Èmi ni mo kí yín, Iye.”

 Ìyá náà na ọwọ́, Mọ̀dínátù sì gbé e dìde. Àwọn ènìyàn yà fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí Mọ̀dínátù fi ọwọ́ òun lé agolo fìlà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tá ilẹ̀ títí ó fi rí òkúta kékeré kan. Ìdìbò ti parí láti ọjọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n Oyèkànmí kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Agolo náà kún jù, òkúta kò ráyè wọlé. Hàwáù bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹ̀kùrọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sí etí aṣọ rẹ̀, títí àyè fi wà. Ó wá fi òkúta náà sínú rẹ̀, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

Ó ní kí Mọ́nsúrù lọ bá àwọn àfáà. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ wá ojú Mọ̀dínátù, ó sì sọ fún un pé ó lè sunkún báyìí.