Ibi Tí Ọwọ́ Àlájì Máa Gbà

Ọmọ mi ò bi mí léèrè kó tó kan irin mọ́ mi níwájú ilé. Àbújá ni Ìbùkúnolúwa wà tó ti gbọ́ pé wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan gbé ní Ọ̀fàtẹ̀dó níbí, ló bá rán wẹ́dà wá. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ti di ilé adìẹ. Wọ́n fi irin dí iwájú pátápátá, wọ́n wá kọjú ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí gọ́tà gbà kọjá. Ó ní kí n lè máa rí oorun sùn ni. Ta ló sọ fún un pé oorun ló ń wù mí?

Láti ìgbà tí Julianah, ìyàwó mi, ti kú, ohun tí mò ń retí lójúmọ́ ò ju ìró ọ̀pá Àlájì Mukhtar lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni wọ́n ń gbé. Ojú wọn ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, wọ́n á fọwọ́ tọ ògiri títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní, "Òṣómàáló, ẹ ò tíì dìde?" Ọmọ Òṣogbo ni wọ́n, Iléṣà ni wọ́n ti bí mi. Wọn ò jẹ́ kí n gbàgbé pé àwọn baba wa tó ń ta aṣọ a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà wọn, wọn kì í sì í dìde títí wọ́n á fi gbowó wọn.

Lọ́jọ́ tí ọwọ́ wọn ba irin, ṣe ni wọ́n yí padà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n wá, etí tèmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Nígbà tí mi ò rí wọn ni mo lọ bá wọn nílé.

"Ilé yín ni mo wá, ẹ̀wọ̀n ni mo bá," ni wọ́n wí. "Mi ò lè fo gọ́tà, mi ò sì lè dúró síta kí n máa kí yín láàárín irin. Ẹ gé e, màá wá."

Wọn ò tiẹ̀ bínú. Èyí ló dùn mí jù.

Wẹ́dà ní òun ò lè gé e àfi kí ẹni tó rán òun níṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ìbùkúnolúwa ní, "Dádì, ẹ fi sílẹ̀." Mo fi í sílẹ̀. Mò ń jẹun, mò ń wo irin, mò ń bá rédíò jiyàn. Lọ́jọ́ tí mo kí fíríìjì kú iṣẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti kọjá àfaradà.

Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tí mo fi gé táìsì nígbà tí mò ń kọ́lé. Mo gbé e sínú láílọ́ọ̀nù, ó di ṣọ́ọ̀bù Rùkáyà, tó ń ta irinṣẹ́ létí títì.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, bàbá?"

"Fún mi ní abẹ ẹ̀rọ yìí, dísíìkì tó nípọn jù." Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kí n tó fẹ̀yìn tì. Lójú tèmi, ohun tó bá nípọn ló lágbára.

"Mo ní, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Irin ni mo fẹ́ gé."

Ó gba èyí tó nípọn tí mo ti mú lọ́wọ́ mi. "Èyí tó fẹ́lẹ́ ló ń gé irin. Èyí tó nípọn, ẹ máa fi ha ojú ibi tẹ́ ẹ bá gé kó lè dán. Ẹ mú méjèèjì."

"Mi ò ní kí nǹkan kan dán."

Inú ti ń bí mi. Mo ṣáà mú èyí tó fẹ́lẹ́ kan lórí tábìlì, mo fi í sórí ọ̀pá kékeré tó ń yí lára ẹ̀rọ mi. Ihò àárín rẹ̀ tóbi ju ọ̀pá ẹ̀rọ lọ, ó ń mì. Mo ní màá fi tépù wé ọ̀pá náà. Rùkáyà já a gbà.

"Bí ihò ò bá bá ọ̀pá mu, á máa jó bó bá ń yí. Á fọ́, ojú yín ló máa fọ́ sí."

Ó wá èyí tó wọ̀ ọ́ rẹ́gí fún mi, ó fi dígí ojú tì í. Mo kó wọn lọ sílé, mo gé irin títí ọ̀nà fi là níwájú, tó gba èèyàn wọlé. Kùkùté irin ṣẹ́ kù lára ògiri. Mi ò kà á sí.

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ariwo ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn Alásárì, mo rí Àlájì tí wọ́n ń bọ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì lára ògiri. Ẹ̀rín ni mò ń rín. Ó yẹ kí n ké sí wọn. Ọwọ́ wọn gba orí kùkùté irin kọjá, ẹ̀jẹ̀ sì bo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Irin yín ṣì ń bínú," ni wọ́n wí. Àwọn ará ilé wọn wá mú wọn lọ.

Èmi nìkan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Mo sunkún, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Rùkáyà, ó tún bi mí, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, bàbá?"

"Èyí tó nípọn yẹn," mo ní. "Torí ọwọ́ ẹnìkan ni."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ihò rẹ̀ wọn ọ̀pá ẹ̀rọ kó tó fún mi.

Mo ha àwọn kùkùté náà títí wọ́n fi bá ògiri dọ́gba. Mi ò fi ojú mi dán an wò. Mo dijú, mo fọwọ́ tọ ògiri láti ìta wọlé bí Àlájì ṣe máa ń ṣe. Ibi tó bá ti gún mi lọ́wọ́, mo tún un ha. Alásárì kọjá, mi ò gbọ́ ọ̀pá. Ọjọ́ mìíràn tún kọjá. Mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ara mi bí òṣómàáló tí oníbàárà rẹ̀ ti kó kúrò nílùú.

Lọ́jọ́ kan, mo tún dijú, mò ń fọwọ́ tọ ògiri, ni ọwọ́ mi bá ba ọwọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ wé.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni."

"Òṣómàáló? Kí lẹ ń wá lára ògiri? Àbí ojú tiyín náà ti lọ ni?"

"Ojú mi ò lọ. Ibi tí ọwọ́ yín máa gbà ni mò ń wò."

Wọ́n tú aṣọ náà, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ tí egbò rẹ̀ ò tíì jinná lé ibi tí mo ha, wọ́n sì tọ̀ ọ́ wọlé dé ìdí bẹ́ǹṣì, níbi tí mo ti sáré lọ jókòó.

"Ẹ sún," ni wọ́n wí.