Ìka Tó Ní Làlì

"Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀!" Àlàájà, ìyá ọkọ Jamilah, pàtẹ́wọ́. "Fítámì kún inú ẹ̀jẹ̀ ẹ bámúbámú. Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́."

Ó ti pẹ́ tí eegun ẹsẹ̀ ti ń dun Jamilah, tí kò lè dìde nílẹ̀ láìdi ògiri mú. Ẹlẹ́hàá ni, kì í sábà jáde ní agbo ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà, bó bá sì jáde, aṣọ bò ó látòkè délẹ̀. Ẹ̀rọ yìí nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò gbà á lẹ́nu Àlàájà.

Karimat, nọ́ọ̀sì tó gbé ẹ̀rọ náà wá, tún un wò. Kò tóbi ju fóònù lọ. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà kékeré kan, wọ́n á kì í bọ inú rẹ̀, iná bátìrì á gba inú ẹ̀jẹ̀ náà kọjá. Bí iná bá ṣe rìn sí ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí fítámì tí oòrùn ń fún eegun ṣe pọ̀ tó.

"Èyí ti pọ̀ jù," Karimat ní. "Ẹni tó ń pàtẹ sínú oòrùn l'Ọ́jà'ba gan-an ò lè ní tó yìí. Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín."

Jamilah na ọwọ́. Orí ìka rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀: wọ́n lé làlì fún un lánàá nítorí ìkómọ tó wà lágbo ilé.

"Ha! Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Làlì ti ba ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà lórí ìka yìí jẹ́. Òun ni ẹ̀rọ ń kà."

"Àbí làlì náà ní fítámì?" Àlàájà béèrè.

"Rárá, mà. Ariwo lásán ló ń pa, tó ń da ẹ̀rọ rú. Etí ni n ó gún báyìí."

"Gún un dáadáa. Kì í gbọ́ràn tẹ́lẹ̀."

Jamilah pàápàá rẹ́rìn-ín. Karimat gún etí, ó kán ẹ̀jẹ̀, ó dúró. Nígbà tó gbójú sókè, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Fítámì yìí ò tó rárá. Ẹ ò ṣọ̀lẹ, mà. Láàbù á tún un yẹ̀ wò, ẹ ó sì lo oògùn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí oòrùn máa kan apá àti ẹsẹ̀ yín."

"Èmi ẹlẹ́hàá? Níbo?"

Àlàájà ti dìde. Ó ṣí fèrèsé ẹ̀yìn.

"Jubril! Sọ fáwọn àbúrò ẹ: láti ọ̀la, kí ọkùnrin kankan má gba ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ mọ́."

"Kí ló dé, Màámi?"

"Ìyàwó ẹ fẹ́ yá oòrùn."

Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Jamilah. Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó tú ewúrẹ́ tí wọ́n so síbi tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ibẹ̀.