Wọ́n Ní Kí N Wẹsẹ̀ bí Ìyàwó

Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá nínú oorun ọ̀sán àná. Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi.

Mo wà lẹ́yìn ọ̀kadà kan tó ń wọ́ bí ìgbín l'Ábẹ́òkúta, fóònù wà létí mi. Ọmọ mi, Mọ́rẹ́nikẹ́, ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ibi ìkómọ rẹ̀ ní Sókótó. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi sunkún ọmọ. Orúkọ ni gbogbo èèyàn ń retí lẹ́nu èmi bàbá àgbà.

"Bàbá, ẹ pè é!"

Ẹkúndayọ̀ ni mo fẹ́ pè. Mo ní, "Orúkọ rẹ̀ ni Ẹkún…"

Ibẹ̀ la ti gun afárá Láfẹ́ńwá. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìbarà tó gbé ìpè mi dání jáwọ́ lára mi, ti Láfẹ́ńwá ò gbà mí, ọ̀rọ̀ bá já. Ọmọ tuntun ti di Ẹkún!

Ọ̀kadà di àga, afárá di ọ́fíìsì, ọ́fíìsì sì gbéra, ó ń léfòó lórí odò. Kò yà mí lẹ́nu. Ọ́fíìsì wo ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ rí? Òpó Láfẹ́ńwá wọlé, ó wé gèlè bí ìyálé.

"Ta ló fà ọ́ lé mi lọ́wọ́?"

"Ṣé ìyàwó ni mí ni?"

"Ẹni tó ń ti ọwọ́ òpó kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, ìyàwó ni. Wẹsẹ̀, kí ará Ìbarà wá fà ọ́ lé mi lọ́wọ́."

Èmi, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ti ọmọ ọmọ tèmi kò wọ́, orúkọ ẹ̀ ló ṣẹ́ sí méjì! Mo ki ẹsẹ̀ bọ igbá omi. Igbá ní, "Bàbá, gìgísẹ̀ yín mà le o."

Ọ̀gá òpó Ìbarà wọ kóòtù dé, ìwé ìfàlénilọ́wọ́ mi wà lápò rẹ̀.

Mo jágbe, "Ẹ̀yin lẹ já mi jù sílẹ̀!"

Ó lanu láti fèsì. "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!" Ó ti di òbúkọ. Ló bá fa ìwé yọ, ó sì jẹ ẹ́ tòǹtẹ̀-tòǹtẹ̀.

Mo gbóhùn Mọ́rẹ́nikẹ́ láti ìsàlẹ̀ odò: "Bàbá, àwọn àna mi ní ẹ gégùn-ún fún ọmọ àwọn! Wọ́n ti fẹ́ kọ Ẹkún sílẹ̀ sínú ìwé!"

Mo ta igbá nù, mo yọrí lójú fèrèsé, mo figbe ta: "Dayọ̀! Dayọ̀ o! Dayọ̀ mi!"

Mo lajú. Ìyàwó mi ló dúró tì mí, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, ta ni Dayọ̀?"

Mo ní, "Ìyókù orúkọ ni."

Ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ pè é tán, tòun torúkọ bàbá ẹ̀. Mò ń gbọ́."