Ẹ̀wà Orí Kilimanjáró

Ẹ ní kí n sọ ohun tó dá mi dúró sílé láná. Àlá ni. Ọ̀sán gangan ni mo lá a, lórí àga, kì í ṣe lóru. Bó ṣe rí ni n ó ṣe sọ ọ́.

Mo bá ara mi lórí àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè. Ẹ mọ̀ ọ́n, ó lé ní ẹgbẹ̀ta. Mò ń kà á bí mo ti ń gùn ún. Ibi tó yẹ kó parí sí, kò parí. Mo wẹ̀yìn wò, Ìdànrè kò sí mọ́. Pápá gbalasa ni, àwọn àgùnfọn dúró níbẹ̀, wọ́n ń já ewé igi jẹ. Mo mọ̀ pé Kilimanjáró ni mo wà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ya òkè yẹn sójú pátákó fún àwọn ọmọ iléèwé, n kò sì fojú kàn án rí. Bí mo ṣe máa ń yà á gan-an ló rí. Ibi tí mo ti fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún lẹ́ẹ̀kan kò tíì mọ́.

Bàtà mi ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Tíṣà, ìyàwó yín wà lókè.”

“Oyinadé?”

“Ṣé ẹ ní òmíràn ni?”

Ọdún kẹfà rèé tí Oyinadé ti kú. Ẹ̀yin náà wà níbi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ohun tí bàtà sọ kò yà mí lẹ́nu. Mo tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí mo gùn ún dé ìdajì, mo rí ọ́fíìsì kan tó léfòó sínú afẹ́fẹ́. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ òkúta kí ìjì má baà gbé e lọ. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àti ọ̀gbẹ́ni kan tó de táì. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú tábìlì pé: ÌBÉÈRÈ NÍPA ÒKÈ. Mo tò sórí ìlà. Èmi nìkan ni mo wà lórí ìlà náà, síbẹ̀ èmi ni ẹnì kẹsàn-án.

Ó kàn mí. Ọ̀gbẹ́ni náà ní, “Bàbá, ẹ káàsán. Kí lẹ fẹ́ béèrè?”

“N kò ní ìbéèrè. Ìyàwó mi ni mò ń lọ bá.”

“Gbogbo ẹni tó wá síbí ló ń béèrè nǹkan. Ẹ ò fẹ́ mọ bó ṣe ga tó?”

“Ó ku mítà márùndínláàdọ́fà kó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.”

“Yìnyín orí rẹ̀ ńkọ́, nínú oòrùn ilẹ̀ wa yìí?”

“Bí a bá ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i. Yìnyín yẹn sì ń tán lọ.”

“Iná inú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti kú?”

“Ó sùn ni.”

Inú rẹ̀ kò dùn. Irùngbọ̀n hù lágbọ̀n rẹ̀, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fọ́ọ̀mù tó wà níwájú rẹ̀. Ó di òbúkọ. Táì kò kúrò lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà mo ṣì ń pè é ní ọ̀gá.

Ó ní, “Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fún yín lókè. Iye tí gbogbo èèyàn ń lò nìyẹn. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀kalẹ̀.”

“Ó kéré, ọ̀gá.”

“Bí ẹ bá bá oúnjẹ lórí iná, ẹ lè dúró dè é. A kì í lé àlejò nídìí ìkòkò. Ṣùgbọ́n bó bá ti jinná, ẹ ó sọ̀kalẹ̀.”

Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí a dé ìdí yìnyín, bàtà mi kọ̀, wọ́n ní òtútù kò bá wọn lára mu. Àwọn méjèèjì jọ sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ lọ. Èmi ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ. Òkè wá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi Tíṣà ni, bàbá.”

“Ìwọ lo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé mo dá dúró.”

“Òótọ́ ni. Ẹ kò sí lọ́wọ̀ọ́ òkè kankan. Nínú àwọn tó dá dúró láyé, ẹ̀yin lẹ ga jù.”

“O máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé oyè ni.”

Mo tẹ̀ síwájú títí mo fi dé òkè pátápátá.

Oyinadé jókòó síbẹ̀, ó da ẹ̀yìn kọ afẹ́fẹ́, ìkòkò kan wà lórí ààrò níwájú rẹ̀.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ pẹ́.”

“Àtẹ̀gùn ló pọ̀.”

“Bàtà yín dà?”

“Wọ́n ti lọ sílé.”

“Ọ̀lẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀.”

Mo bi í pé kí ló ń sè. Ó ní ẹ̀wà ni. “Ọdún kẹfà rèé. Omi ń hó, ẹ̀wà kò rọ̀.”

Mo mọ ìdí rẹ̀. Níbi tó ga, omi máa ń tètè hó, ṣùgbọ́n kì í gbóná tó ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀wà lè wà níbẹ̀ kó má jinná láéláé. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Àná ni mo kọ́kọ́ rí ìwúlò rẹ̀. Mo fà sún mọ́ ọn, mo jókòó.

“Ṣé ẹ ń jẹun?”

“Mò ń jẹun.”

“Irọ́ nìyẹn. Ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀ nílé?”

“Rédíò.”

“Ṣé ẹ máa ń dá a lóhùn?”

“Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ro ẹ̀wà, ó dé e padà. Mò ń gbọ́ bí hóró rẹ̀ ṣe ń kan ara ìkòkò, ko, ko, ko. N kò gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà náà ni òbúkọ dé tòun ti táì. Ó ti orí bọ ìkòkò, ó jẹ ẹ̀kún ẹnu kan. Ó ní, “Ó ti jinná.”

Oyinadé ní, “Kò jinná.”

“Lẹ́nu tèmi, ó ti jinná, mà.”

“Kí ni kì í jinná lẹ́nu ẹ? Ṣebí fọ́ọ̀mù lo jẹ bọ̀.”

Òkè dá sí i nísàlẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ ká jókòó, torí òun ló ni ilé. Òbúkọ ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lábẹ́ ọ́fíìsì òkè. Ó gbé pátákò rẹ̀ sókè, ó lu òǹtẹ̀ sórí ìdérí ìkòkò.

Mo na ọwọ́ kí n mú hóró kan, kí n fi eyín tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Ọwọ́ mi kò tó o. Oyinadé ń wò mí. Ó ní, “Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀.”

Mo lajú. Ilé dákẹ́. Mo dìde lọ sí ilé ìdáná. Mo ti gbé ẹ̀wà kaná kí n tó jókòó. Gáàsì ti tán, ìkòkò ti tutù. Mo mú hóró kan, mo fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ó le koko. Kò jinná.

Mo dé ìkòkò náà padà. N kò ránṣẹ́ ra gáàsì. Mo lọ jókòó, mo pa ojú dé.