Irun Tí Dàmọ́lá Fi Sílẹ̀

Agolo mílíìkì kan wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn dígí nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Irun orí èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn-ún gbọ́. Lásìkò tí a wà yìí, ní Èkó yìí, bí wọ́n bá ká irun èèyàn tí wọ́n dì sínú ọ̀rá mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, táyà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Ìgbà tí iná bá kú tán ni wọ́n máa tó béèrè pé irun ta ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo ẹnu ọ̀nà kí n tó wo orí ẹni tó jókòó síwájú mi.

Ìdírísù lorúkọ mi, ará Ìsẹ́yìn. Bàbá Sàmíát ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Bàbá mi, onígbàjámọ̀ ni, abẹ àti àpò ló fi ń kiri abúlé. Èmi ka ìwé mẹ́fà, mo sì fi í mọ níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gẹrun nítòsí bárékè àwọn ṣójà ní Ọ̀jọ́. Ṣójà kì í jẹ́ kí irun pọ̀ lórí, nítorí náà ebi kì í fi bẹ́ẹ̀ pa mí. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Sùlè, ó ń lẹ táyà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jí tí mo rí bó ṣe to àwọn táyà rẹ̀ síwájú ìta, inú mi kì í balẹ̀. Mi ò sọ fún un rí.

Ọ̀rọ̀ Dàmọ́lá ni mo fẹ́ sọ. Adédàmọ́lá lorúkọ tí wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀, ọmọ Ìjerò ní Èkìtì, sájẹ́ǹtì. Ìbà lòun àti Tinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Tinúkẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì, ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa, kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ṣe sétí.

Ewú tètè yọ lórí Dàmọ́lá. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó máa ń wá bá mi pé kí n fi dáyì pa á.

"Bàbá Sàmíát, ẹ bá mi pa á láró o. Bí àwọn ọ̀gá bá rí i, wọ́n á ní arúgbó ò lè lọ míṣọ̀n."

"Ìyàwó ẹ ńkọ́? Ṣé òun náà ò mọ̀?"

"Tinúkẹ́? Ẹ má dán an wò! Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin lòun fẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹ̀tàn ẹ̀ lọ."

A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Àṣírí kékeré tó wà láàárín èmi àti ẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n wá mú un fún míṣọ̀n, mọ́ àwọn tó ń lọ sí ìlú tí ogun wà, àwọn tó ń dé fìlà búlúù ti àjọ gbogbo ayé, wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ sí kámpù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tó dé, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà sí kó tó dé Ìbà, báàgì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Dáyì ti ṣí lórí rẹ̀, funfun ti yọ gbàà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

"Ẹ fá gbogbo ẹ̀ kúrò," ó ní. "Kí n tó délé."

Bí mo ṣe ń fá a, mo bi í pé ta ló ń jà níbẹ̀ gan-an.

"Ẹ̀yà méjì ni, bàbá. Orí ilẹ̀ àti omi tí màlúù ń mu ni wọ́n ń jà sí. Ọjà kan wà tí àwọn méjèèjì jọ ń ná. Àwa la máa ṣọ́ ọ̀nà ọjà yẹn. Bí ọ̀nà bá ṣí, àwọn kan á rí ọkà, àwọn kan á rí ẹran. Bó bá dí, ìbọn ni."

"Kí wá ni tìẹ níbẹ̀? Ṣé màlúù ẹ wà nínú ẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ mì lábẹ́ kílípà, mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

"Ọmọ Gánà wà níbẹ̀. Ọmọ Rùwáńdà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nẹ̀páàlì, ẹ ò mọ̀ wọ́n, orí òkè ni wọ́n ti wá. Ìkankan nínú wọn ò ní màlúù níbẹ̀. Bàbá Sàmíát, níbo lẹ ti ra kílípà ọwọ́ yín yìí?"

"Alábà."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Ọmọ Íbò kan."

"Ta ló bá yín tún un ṣe lọ́jọ́sí?"

"Ègùn kan ni."

"Ẹ wá fi ìbọn sáàárín àwọn yẹn, kí ẹ wo bóyá ẹ máa rí orí gẹ̀ mọ́."

Mo kàn ń fá orí rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo parí, mo ti mú ìgbálẹ̀, ó ní kí n dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kó irun náà jọ. Ó gba bíléèdì lọ́wọ́ mi, ó gé èékánná ọwọ́ rẹ̀ lé e lórí. Ó ní kí n wá ọ̀rá.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo wo ìta. Sùlè ń fún táyà kan ní atẹ́gùn, kò wò wá.

"Nílé wa, ẹni tó bá ń lọ ogun máa ń fi irun àti èékánná sílẹ̀. Tí wọn ò bá rí òkú gbé wálé, èyí ni wọ́n máa sin. Bàbá bàbá màmá mi lọ ogun Bọ́mà nígbà Hítílà. Irun rẹ̀ ló wà níwájú ilé wa dòní."

"Kó o fún ìyàwó ẹ."

"Á dà á nù. Á ní kí n lọ gba ìdáǹdè. Ẹ bá mi fi pamọ́. Bí mo bá dé, a jọ máa dà á sí gọ́tà."

Mo ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n lò ó. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbà á, ojú ò jẹ́ kí n kọ̀ ọ́. Mo di irun náà sínú ọ̀rá, mo fi í sínú agolo mílíìkì kan tó ti ṣófo.

Ó lọ. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Èyí tí mi ò lè gbàgbé, inú ọjà yẹn gan-an ló ti ká a. Èèyàn ń pariwo, màlúù ń ké. Ó ní, "Bàbá Sàmíát, ṣé ẹ ń gbọ́? Ìyá kan láti ẹ̀yà tibí ló ń ná ẹran lọ́wọ́ ọkùnrin ẹ̀yà tọ̀hún o! Ó ń bú u bí ẹni bú ọkọ ẹ̀! Lọ́dún tó kọjá, wọn ì bá ti yìnbọn. Ọmọ Nẹ̀páàlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pàtẹ́wọ́, kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan!"

Mo jẹ́ kí Sùlè gbọ́ ọ. Sùlè ní, "Dọ́là ló lọ jẹ jàre. Ta ní í kú torí ẹran màlúù ẹlòmíì?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn sí ẹ̀rín yẹn mọ́.

Ìgbà òjò ni ọ̀rọ̀ náà dé. Àwọn fìlà búlúù ń sin àwọn ọlọ́jà bọ̀ láti ọjà. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n kọjá afárá kan, àwọn kan yìnbọn lù wọ́n láti inú igbó. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn, èyí tí Dàmọ́lá wà nínú rẹ̀, já sínú odò. Odò ti kún. Wọ́n rí àwọn kan gbé jáde láàyè, wọ́n rí òkú àwọn kan. Wọn ò rí Dàmọ́lá. Àwọn ọlọ́jà dé ilé láyọ̀.

Àwọn ọ̀gá ṣójà lọ bá Tinúkẹ́ ní Ìbà. Wọ́n ní àwọn ń wá a. Wọ́n ní hẹlikópítà orílẹ̀-èdè kan ń wá a lókè, àwọn òmùwẹ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ń wá a nísàlẹ̀. Wọn ò pè é ní òkú. Wọn ò pè é ní alààyè.

Láti ìgbà náà, bí Tinúkẹ́ bá ń kọjá, kì í sọ pé ẹ káàárọ̀. "Bàbá Sàmíát, wọ́n ṣì ń wá a." Báyẹn ló ṣe ń kí mi. Èmi á dáhùn pé Ọlọ́run á fi í hàn. Ó ń ra dátà sórí nọ́ńbà Dàmọ́lá, kó lè bá nǹkan nílẹ̀ bó bá tan fóònù. Èmi mọ ohun tó wà nínú agolo. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Òjò dá. Ọyẹ́ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó fi ọ̀pá tilẹ̀.

"Ìwọ ni onígbàjámọ̀ tó gba irun ọmọ mi?"

Dàmọ́lá ti sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù kó tó lọ. "Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Ẹ má sọ ọ́ síta."

"Kó o fún mi. Mo fẹ́ mú ọmọ mi lọ sí ulé, Ìjerò."

Kí n tó dáhùn, Tinúkẹ́ wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ti sáré tẹ̀lé ìyá ọkọ rẹ̀ láti Ìbà.

"Màámi, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká lọ ilé."

"Ilé tí mò ń lọ nìyí. Irun ọmọ mi ni mò ń dúró gbà."

"Kò tíì kú! Wọ́n ń wá a!" Ó yíjú sí mi. "Bàbá Sàmíát, ṣé òótọ́ ni? Ṣé ọwọ́ yín ló wà, tí mò ń kọjá níbí lójoojúmọ́?"

Ojú mi ló lọ sórí pẹpẹ. Ó rí ibi tí mo wò.

"Bí ẹ bá gbé irun yẹn fún wọn, ẹ̀yin lẹ pa á o. Kì í ṣe odò. Ẹ̀yin."

Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò pariwo. "Tinúkẹ́, ìyàwó mi, gbọ́. Ọmọ gbogbo ayé ló ń wá ọmọ mi nínú odò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìyá tó bí wọn ò ní sunkún wọn. Ṣùgbọ́n òjò ti dá, odò ti fà, wọn ò rí i. Èmi ti darúgbó. Bí mo bá lọ láì sin ín, ta ló máa mọ ibi tó yẹ kó sùn sí?"

"Ẹ ṣì ní ọmọ mẹ́ta míì, Màámi. Ẹnì kan ṣoṣo lèmi ní."

Ìgbà yẹn ni Sùlè yọjú, ọlọ́kadà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo Tinúkẹ́ ló pè wọ́n.

"Irun? Bàbá Sàmíát, irun kí ni mò ń gbọ́?" Kò rẹ́rìn-ín. "Irun ta ló wà lọ́wọ́ yín?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà ti wo orí pẹpẹ. Ó ní, "Àwọn tó ń fi èèyàn ṣowó, báyìí náà ni wọ́n ṣe máa ń jókòó jẹ́ẹ́." Mo fẹ́ pe orúkọ Dàmọ́lá, kò jáde. Lẹ́yìn wọn, mò ń wo àwọn táyà yẹn bí wọ́n ṣe tò gẹ́rẹ́rẹ́.

Mo wo Tinúkẹ́. Bó bá dákẹ́, tèmi ti tán. Bó bá sọ̀rọ̀, ó mọ̀ pé ikú ọkọ òun lòun ń sọ.

Ó yíjú sí Sùlè.

"Irun ọkọ mi ni," ó ní. "Sájẹ́ǹtì Adédàmọ́lá tó lọ míṣọ̀n. Èmi àti ìyá rẹ̀ la wá gbà á. A fẹ́ lọ sin ín."

Sùlè ṣí fìlà. Ó mọ Dàmọ́lá, òun ló máa ń lẹ táyà ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, Àǹtí. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Ó lé àwọn yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Àwa mẹ́ta ló kù. Ọ̀rọ̀ tí Tinúkẹ́ kọ̀ láti ìgbà òjò, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, nítorí mi. Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí.

"Ẹ ṣí i," ó ní.

Mo tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì mímọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo tú ọ̀rá náà sí i. Ó ń wò ó. Ó fi ìka kan tú u ká.

"Funfun wà nínú ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ti ẹlòmíì kọ́ ló dà pọ̀ mọ́ ọn?"

"Tiẹ̀ ni, Àǹtí. Ó ti pẹ́ tó ti ń hù. Dáyì ni mo fi ń bá a pa á. Ó ní ẹ ò gbọ́dọ̀ mọ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ èdè mìíràn. Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kí n má baà mọ̀? Tèmi náà wà níbí." Ó ṣí gèlè díẹ̀ létí, mo rí i. Ìgbà yẹn lẹkún wá dé. Kò sun irú ẹ̀ lójú mi rí. Ìyá dìde, wọ́n wá dúró tì í, wọ́n gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣà á. Èyí tó funfun, ó ń yọ ọ́ sọ́tọ̀, díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà kan yọjú, mo mi orí fún un, ó padà. Ìgbà tó ṣe tán, ó kó dúdú àti èékánná padà sínú ọ̀rá, ó fi lé ìyá lọ́wọ́.

"Màámi, èyí ni ọmọ tẹ́ ẹ bí." Ó di funfun yẹn sí etí aṣọ ìnujú rẹ̀, ó dì í pinpin. "Èyí, èmi ló yẹ kó hù ú fún."

Wọ́n jọ lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí mi ò fi rí wọn mọ́ lọ́nà Ìyànà-Ìbà.

Mo fọ agolo náà, mo ní kò tún sí irú ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọdékùnrin ṣójà kan láti Ajáǹgbádì jókòó. Òun àti àwọn míì ń lọ síbi afárá yẹn. Ọ̀nà ọjà náà ṣì ṣí, ó ní. Ó ní àwọn ìyá ọlọ́jà ibẹ̀ ń béèrè nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa dé. Mo fá orí rẹ̀ tán. Kò mọ nǹkan kan nípa irun, ó dìde, ó fẹ́ máa lọ.

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo wo ibi tí Sùlè wà. Mo mú agolo náà kúrò lórí pẹpẹ.

"Dúró ná, ọmọ mi," mo ní. "Ìyá ẹ ń bẹ?"